Oṣù mẹ́rin tí mo di lecturer, mi ò tíì fọwọ́ kan ìwádìí mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́_Ṣómólú · Sọ́ńdè, 9:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí, mi ò kì í dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá èyí tí mo lè máa dá nìkan rò. Dókítà ọmọdé ni mí, kíndìnrín ni mo yàn láàyò. Mo parí fellowship (ẹ̀kọ́ àti ìdánwò tó ń sọni di dókítà àgbà) lọ́dún tó kọjá, oṣù mẹ́rin rèé tí yunifásítì kan níbí lórí mainland gbà mí bíi Lecturer I, ilé ìwòsàn wọn náà sì fún mi ní honorary consultant. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, ẹ má bínú.

Ìwádìí ló gbé mi débẹ̀. Nínú àwọn ọmọ tó ní fòníkúfọ̀ladìde, mo fẹ́ mọ èyí tí kíndìnrín ẹ̀ máa bàjẹ́, kí n mọ̀ ọ́n kó tó bàjẹ́. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ registrar, ìyẹn dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ láti di àgbà, ọmọ ọdún 14 kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tó mọ àwòrán yà, ó ya fáànù òkè wọ́ọ̀dù sẹ́yìn káàdì ẹ̀, títí kan okùn tí wọ́n fi so ó. Nígbà tó kú, ìyá ẹ̀ bi mí pé "Dókítà, ìgbà wo gan-an ló bẹ̀rẹ̀?" Mi ò rí èsì fún un. Látìgbà yẹn ni ìbéèrè náà ò ti kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ wá wo ọ̀sẹ̀ mi. Mọ́ńdè wọ́ọ̀dù ráùn, Túsìdeè kílíníìkì tí à ń bẹ̀rẹ̀ laago mẹ́jọ tí a kì í kúrò níbẹ̀ kó tó di mẹ́rin, Wẹ́sìdeè àti Tọ́sìdeè mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Fúráìdè ìpàdé, call wà láàárín gbogbo ẹ̀. HOD, olórí ẹ̀ka wa, ti fi mí sí kọ́mítì mẹ́ta torí pé èmi ni mo kéré jù. Nígbà ìntáfíù wọ́n ní mo máa ní ọjọ́ méjì fún ìwádìí lọ́sẹ̀, mo ka lẹ́tà mi látòkè dé ìsàlẹ̀, kò sí níbẹ̀. Kò sí láàbù, kò sí fíríìsà, kò sí kọ́bọ̀. Àwọn kan ní kí n lọ ṣe PhD ná, àwọn kan ní kí n máa wá grant, owó ìwádìí, ọkọ mi ní ká kó ẹrù wa ká lọ Amẹ́ríkà. Níbo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀?

Tọ́lá_Yaba · Sọ́ńdè, 10:05 alẹ́

Ẹ kú oríire mà. Kọ́mítì mẹ́ta yẹn, ẹ fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lọ́la òde yìí. Ọdún méjì ni mo fi ń kọ mínítì ìpàdé fún àwọn èèyàn, ìgbà tó di promotion ẹnì kankan ò bi mí nípa kọ́mítì, paper ìwádìí mélòó ni orúkọ mi ṣíwájú níbẹ̀ ni wọ́n bi mí.

Bàbá_Àgbà_Ìkẹjà · Mọ́ńdè, 5:58 àárọ̀

Tọ́lá, kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá o. Wọ́n ń ka iṣẹ́ àbójútó náà, máàkì ẹ̀ ló kéré sí ti paper. Mo jókòó sí panel promotion lọ́pọ̀ ìgbà kí n tó fẹ̀yìn tì, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Àdùkẹ́ ọmọ mi, ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kì í sọ pé òun ò ní gbálẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè yan apá ibi tó máa gbá. Lọ bá HOD rẹ jẹ́jẹ́, sọ fún un pé o fẹ́ di ẹyọ kan mú dáadáa, kí wọ́n bá ọ gba méjì tó kù sílẹ̀, tó bá ṣeé ṣe kí ẹyọ kan yẹn jẹ́ kọ́mítì ethics, àwọn tó ń yẹ ìwádìí wò kó má baà pa ẹnikẹ́ni lára. Ibẹ̀ lo ti máa ka protocol (ìwé ètò ìwádìí) àwọn ẹlòmíì, o máa rí ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà, o máa mọ ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tìrẹ nínú ọgbà yín. Ìgbà tó bá kan protocol tìrẹ, wàá dìde jáde kúrò nínú yàrá náà, bí òfin ẹ̀ ṣe rí nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, mú lẹ́tà méjèèjì jáde, ti yunifásítì àti ti ilé ìwòsàn, wo déètì orí wọn. Lẹ́tà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, wọn kì í sábà bára mu, ọjọ́ tí o wọlé iṣẹ́ sì ni wọ́n fi máa ka ọdún mẹ́ta rẹ kí o tó lè béèrè Senior Lecturer. Wo ẹ̀ka owó oṣù tí wọ́n kọ síbẹ̀ pẹ̀lú, bóyá CONMESS, ti àwọn dókítà, ni tàbí CONUASS, ti àwọn olùkọ́ yunifásítì. Nígbà tí wọ́n kó àwọn yunifásítì sórí IPPIS, ètò ìsanwó oṣù ìjọba àpapọ̀, ọ̀pọ̀ dókítà tó ń kọ́ni ló bára ẹ̀ lórí CONUASS tí owó sì já wálẹ̀, MDCAN, ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbà, jà lórí ẹ̀ títí. Kọ̀wé béèrè báyìí, kí o sì tọ́jú èsì tí wọ́n bá fún ọ.

Ní ti ọjọ́ méjì tí wọ́n ṣèlérí, má bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Kọ lẹ́tà ojú ìwé kan sí HOD: ọjọ́ wo, iṣẹ́ wo, kí ló máa jáde nínú ẹ̀ láàárín ọdún kan. Ọjọ́ kan péré ni kí o tọrọ. Ọjọ́ kan tó wà nínú ìwé sàn ju méjì tí wọ́n fẹnu sọ.

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó · Mọ́ńdè, 8:20 àárọ̀

Èmi ò fara mọ́ ká máa rọra. PhD ni kí wọ́n lọ ṣe kíá, torí ọjọ́ pẹ́ tí NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, àti àwọn dókítà ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́ pé ṣé fellowship tó PhD àbí kò tó o, ẹni tó bá ní méjèèjì ni ọkàn ẹ̀ máa balẹ̀ lọ́jọ́kọ́jọ́ tí wọ́n bá yí òfin padà. CARTA, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì ilẹ̀ Áfíríkà kan, wà níbẹ̀ tó ń fún èèyàn lówó PhD, kí wọ́n kọ̀wé sí wọn.

Dr_Fúnmi_Ìkòròdú · Mọ́ńdè, 1:14 ọ̀sán

CARTA ò ní gbà wọ́n o bọ̀ọ̀dá mi, òṣìṣẹ́ àwọn yunifásítì tó wà nínú ẹgbẹ́ náà ni wọ́n ń fún, Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ló sì wà níbẹ̀ láti Nàìjíríà, Èkó kọ́. Ohun tó sún mọ́ wọn ni irú ètò BRAINS tí wọ́n ṣe ní College of Medicine ní Ìdí-Àràbà, owó NIH, àjọ ìwádìí ìlera Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lecturer níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣèwádìí. Kí wọ́n máa ṣọ́ irú ẹ̀ tó bá tún jáde.

Mo ní fellowship, mo tún ní PhD, mi ò kábàámọ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n mo tètè bẹ̀rẹ̀ jù. Mo forúkọ sílẹ̀ kí n tó mọ ìbéèrè tí mo fẹ́ béèrè, ọdún méjì ni mo fi yí title padà nígbà mẹ́ta. Àǹtí Àdùkẹ́ ti ní ìbéèrè tiẹ̀, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ ọ̀hún fẹsẹ̀ múlẹ̀ ná, ẹ máa kó data ẹ̀ jọ bí ẹni tó mọ̀ pé òun máa fi kọ thesis lọ́jọ́ iwájú, tó bá tó àkókò ẹ fi forúkọ. Ọ̀nà MD, oyè ìwádìí, ti National Postgraduate Medical College ní Ìjànikin náà wà, ẹni tó ti ní fellowship lè gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tètè kọ́ biostatistics (ìṣirò ìwádìí ìlera) o, kódà kó jẹ́ kọ́ọ̀sì kúkúrú. Èmi gbẹ́kẹ̀ lé ẹnì kan tó ń bá mi ṣe analysis, ọjọ́ tí reviewer, ẹni tó ń yẹ paper wò kó tó jáde, béèrè ìdí tí mo fi lo test kan, mi ò rí nǹkan sọ, ó dùn mí dé eegun.

BabaLáàbù · Mọ́ńdè, 7:33 alẹ́

Dókítà, mo bẹ̀ yín, ẹ má ra fíríìsà.

Lab scientist ni mí, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Láàbù kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a ní fíríìsà -80°C tuntun tí wọ́n fi owó grant rà. Iná lọ ní alẹ́ Fúráìdè, jẹnẹrétọ̀ tan, changeover ò gbé e, ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ò sì mọ̀ pé ohun tó ń ké pìì-pìì nínú yàrá yẹn ń pe èèyàn ni. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè mo ṣílẹ̀kùn, omi dà sórí bàtà mi. Àwọn tíúbù kéékèèké yẹn ń léfòó nínú àpótí wọn, báírò tí wọ́n fi kọ nọ́ńbà sára wọn ti ṣàn, gbogbo àpótí kan di búlúù. Ọdún mẹ́ta iṣẹ́ obìnrin kan ló wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí àga láàbù wa, kò sunkún, ó kàn ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ó ń gbé wọn sókè síbi iná pé bóyá òun á rí nọ́ńbà kà.

Nítorí náà, ẹ wá láàbù tó ti ní fíríìsà, tó ní ínfátà, tó ní alarm tó ń fi téèsì ránṣẹ́ sórí fóònù èèyàn méjì. Ẹ pín sáńpù kọ̀ọ̀kan sí méjì, kí ìdajì wà nílé ibòmíì. Lébẹ̀lì tí òtútù ò lè ṣí ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn, kì í ṣe plaster. Àyè tó ṣófo nínú fíríìsà, ẹ fi ike omi dídì kún un, ó máa ń jẹ́ kí òtútù pẹ́ sí i tí iná bá lọ. Tó bá sì jẹ́ albumin inú ìtọ̀ (púrótéènì tó ń jò jáde tí kíndìnrín bá ń bàjẹ́) lẹ fẹ́ wò, ẹ má tọ́jú ẹ̀ sí -20 rárá, albumin yẹn máa ń dínkù níbẹ̀, ẹ sì máa rò pé kíndìnrín ọmọ dáa nígbà tí kò dáa. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní tútù lọ́jọ́ náà, tàbí kó lọ tààrà sí -80.

Ẹ má jẹ́ kójú tì yín láti bá ẹlẹ́rọ pín ẹ̀rọ. July 2014, nígbà tí ará Liberia yẹn bọ́ sílẹ̀ ní Èkó tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọbáléndé, láàbù virology Ìdí-Àràbà ló kọ́kọ́ sọ pé Ebola ni. Lassa ni wọ́n ti ń bá yí níbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú àwọn ará Jámánì, ẹ̀rọ àti ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n lò ti wà nílẹ̀ kí àìsàn tó dé. Ibi tí ọwọ́ ti wà nílẹ̀ ni kí ẹ gbé iṣẹ́ yín lọ. Ẹ lọ rí wọn ní NIMR, ilé ìwádìí ìṣègùn ìjọba, ní Yaba, ẹ béèrè ohun tí wọ́n lè ṣe, ẹ mú reagent (oògùn tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò) tiyín dání, ẹ sì fi orúkọ ẹni tó bá yín ṣiṣẹ́ sórí paper. Ọ̀pọ̀ dókítà máa ń gbàgbé wa tó bá di orí paper, ìyẹn ni ìlẹ̀kùn fi máa ń tì mọ́ wọn nígbà kejì.

Àdùkẹ́_Ṣómólú · Mọ́ńdè, 10:50 alẹ́

Baba, ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rọ̀ -20 yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n rárá, ibẹ̀ ni mo fẹ́ tọ́jú ẹ̀ sí. Mo tún fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ fún APOL1, jíìnì kan tó kan kíndìnrín, ṣé ìyẹn náà á nílò fíríìsà?

Ará_Houston · Túsìdeè, 4:10 àárọ̀

Kò pọn dandan. Tí ẹ bá kán ẹ̀jẹ̀ sórí filter paper tó gbẹ dáadáa, tí ẹ fi desiccant, ohun tó ń fa omi, sínú ọ̀rá ẹ̀, DNA máa pẹ́ nínú ẹ̀ láìsí fíríìsà. Ohun tó wúwo níbẹ̀ ni ìwé àṣẹ: consent (ìyọ̀ǹda òbí) fún genetics gbọ́dọ̀ dá dúró lọ́tọ̀, tó bá sì máa kọjá sókè òkun ẹ nílò MTA, ìwé àdéhùn tí wọ́n fi ń kó sáńpù lọ síbòmíì. Ìwádìí náà tọ́ láti ṣe. Àwọn H3Africa, tó ń ṣèwádìí jíìnì ní Áfíríkà, gbé iṣẹ́ wọn jáde lọ́dún 2024, nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà àti Ghana tí wọ́n yẹ̀ wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú mẹ́ta tó ní ẹ̀dà méjì oríṣi APOL1 tó ń fa ewu fún kíndìnrín. Tàwọn ọmọdé wa tó ní fòníkúfọ̀ladìde, iṣẹ́ ṣì pọ̀ níbẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà tí ọkọ yín sọ, irú iṣẹ́ yín náà ni mò ń ṣe níbí. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá gba K08 tàbí K23, owó ìwádìí fún dókítà, lọ́wọ́ NIH, 75% àkókò ẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sórí ìwádìí, ilé iṣẹ́ sì máa ń fún ẹni tuntun lówó ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n citizen tàbí ẹni tó ní green card ni wọ́n ń fún ní méjèèjì yẹn. Kí ẹ tó tún lè fọwọ́ kan aláìsàn níbí, USMLE, ìdánwò àwọn dókítà ibí, wà níwájú yín, fún ọ̀pọ̀ jù lọ èèyàn, residency (ìkọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn) tún wà níwájú, lẹ́yìn tí ẹ ti ṣe gbogbo ẹ̀ nílé. Ẹ lè wá ṣe postdoc, iṣẹ́ ìwádìí nìkan, láìsí ìyẹn, àmọ́ ẹ ò ní rí ọmọ kankan tọ́jú. Àwọn ọmọ tí ìbéèrè yín dá lé lórí, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n wà.

K43 ti Fogarty, ẹ̀ka NIH tó ń wo ilẹ̀ òkèèrè, ni kí ẹ fojú sí. Ẹni tó jẹ́ lecturer nílé ni wọ́n ṣe é fún, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, mentor kan nílé, mentor kan ní Amẹ́ríkà.

Tọ́lá_Yaba · Túsìdeè, 9:02 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Houston, ẹ kú iṣẹ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ gbogbo ẹ̀. May 2025 ni NIH kéde pé àwọn ò ní fún ilẹ̀ òkèèrè ní subaward, owó tó ń gba ọwọ́ ẹlòmíì tó ní grant dé ọ̀dọ̀ wọn, lọ́nà tí wọ́n ń gbà fún un tẹ́lẹ̀ mọ́, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo mọ̀ ló dúró sójú kan. Kí Dókítà má gbé gbogbo ara lé wọn. Kí wọ́n sì lọ béèrè lọ́fíìsì grant wọn lónìí bóyá SAM registration (ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà) yunifásítì wọn ṣì ń ṣiṣẹ́, torí ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe, mo pàdánù deadline kan nítorí ẹ̀, mo ti kọ grant tán, ìwé yunifásítì ló ti expire. TETFund, àjọ ìjọba tó ń fún ilé ẹ̀kọ́ gíga lówó, náà wà, Institution-Based Research wọn kì í pọ̀ ṣùgbọ́n ó tó kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń mójú tó owó grant.

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó · Túsìdeè, 9:40 àárọ̀

Kí wọ́n tó fún wọn lówó, kí wọ́n fi owó ara wọn bẹ̀rẹ̀ jàre. Ibẹ̀ làwọn funder á ti mọ̀ pé wọ́n ní ìfẹ́ ẹ̀.

Bàbá_Àgbà_Ìkẹjà · Túsìdeè, 11:25 àárọ̀

Ó ní ibi tó mọ. Owó ara ẹni lè ṣe ìwádìí tó máa parí láàárín oṣù mélòó kan. Èyí tí o máa fi ọdún méjì tẹ̀ lé ọmọ, má fi owó oṣù rẹ ṣe é, torí ọjọ́ tí owó ilé ìwé àwọn ọmọ tìrẹ bá dé, ìwádìí ló máa dúró, àwọn ìyá tó gbẹ́kẹ̀ lé ọ á sì máa pe fóònù rẹ. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Nọ́ọ̀sì_Bísí · Túsìdeè, 8:47 alẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ owó àti fíríìsà, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ àwọn ìyá. Research nurse ni mí, iṣẹ́ mi ni kí n bá wọn sọ̀rọ̀ kí dókítà tó dé.

Dókítà, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì. Form consent kan tí wọ́n kó fún wa ní Yorùbá, "ìwádìí" ló wà ní ìlà àkọ́kọ́. Mo kà á fún ìyá kan láti Múṣin, ojú ẹ̀ yí padà, ó fa ọmọ ẹ̀ mọ́ra, ó ní "Nọ́ọ̀sì, kí lọmọ mi ṣe?" Ìwádìí tí òun mọ̀, ti ọlọ́pàá ni. Látọjọ́ yẹn mo máa ń sọ pé "a fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa àìsàn yìí lára àwọn ọmọ tó ní in, ká lè mọ bí a ṣe máa tọ́jú wọn," kí n tó dárúkọ ìwádìí. Ohun tí mò ń sọ fún wọn ni kí ẹ kọ sínú form látìbẹ̀rẹ̀, kí ethics fọwọ́ sí i, ẹ má jẹ́ kí nọ́ọ̀sì máa sọ ohun tí ò sí nínú ìwé.

Ẹ̀jẹ̀ náà, ẹ ṣọ́ra. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ò tó lára ẹ̀, ìyá ẹ̀ ti sanwó ẹ̀jẹ̀ rí, ó ti wá ẹni tó máa fà á sílẹ̀ káàkiri àdúgbò, ẹ wá ní ẹ fẹ́ fà nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rí i pé ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ gbà ò kún ṣíbí kékeré, kí ẹ sì gbà á lọ́jọ́ tí wọ́n máa gún ọmọ náà tẹ́lẹ̀, kó má baà jẹ́ abẹ́rẹ́ méjì. Ìtọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ìtọ̀ ò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ẹ fún wọn ní ike nílé ṣáájú ọjọ́ kílíníìkì, ìtọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ bá tọ̀ láàárọ̀.

Nọ́ńbà fóònù, ẹ gba mẹ́ta: ti ìyá, ti ẹnì kan nínú ẹbí tí kì í yí nọ́ńbà padà, ti aládùúgbò. Tó bá di àdírẹ́sì, ẹ béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí àti bọ́sìtọ́ọ̀pù, nọ́ńbà ilé ò ní gbé yín débẹ̀. Kí ẹ sì dá owó ọkọ̀ wọn padà lọ́wọ́, lọ́jọ́ náà, kì í ṣe pé ẹ máa fi ránṣẹ́. Ìyá tó wọ ọkọ̀ mẹ́ta láti Ìyànà-Ìpájà pẹ̀lú ọmọ tí ara ń ro, kò yẹ kó tún máa retí alert.

Dr_Fúnmi_Ìkòròdú · Túsìdeè, 9:15 alẹ́

Àǹtí Bísí, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì mi. Mo fi èyí kún un: ẹ béèrè REDCap, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kó data jọ, lọ́wọ́ àwọn ICT yín, ọ̀fẹ́ ni fún yunifásítì, app ẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè máa tẹ̀ ẹ́ ní kílíníìkì níwájú ìyá.

Àdùkẹ́_Ṣómólú · oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, Tọ́sìdeè, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Bàbá, mo kọ lẹ́tà ojú ìwé kan yẹn. HOD kà á níwájú mi, ó dákẹ́, ó ní Tọ́sìdeè, ó sì fọwọ́ sí i. Mo gba ẹnì kan mọ́ra pé kó bá mi mú kíláàsì Tọ́sìdeè, èmi ń bá a mú Wẹ́sìdeè tiẹ̀. Kọ́mítì ku ẹyọ kan. Déètì lẹ́tà méjèèjì fi ọ̀sẹ̀ méje jìnnà síra, mo ti kọ̀wé, wọ́n ti dá mi lóhùn, mo ti tọ́jú ẹ̀. A ti pinnu nílé pé a ò tíì lọ síbì kankan fún ọdún mẹ́ta, ọkọ mi ló bá mi wá owó tí mo fi ra ike ìtọ̀.

Ethics fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìtọ̀ nìkan ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ọmọ 120, ẹ̀jẹ̀ máa dúró dìgbà tí owó bá dé. Túsìdeè yìí la kọ́kọ́ gbà á. Mo bá ìyá 13 sọ̀rọ̀, 11 gbà. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tí kò gbà ní òun fẹ́ bi ọkọ òun ná, mo ní kó lọ bi í.

Ìyá kan wà nínú àwọn tó gbà, ọmọbìnrin ẹ̀ ò ju ọdún méje lọ, ara ẹ̀ le, ó ń jẹ gúgúrú nígbà tí à ń sọ̀rọ̀. Ìyá yẹn wo ike náà ó ní "tẹ́ ẹ bá rí nǹkan níbẹ̀, ṣé ẹ máa sọ fún mi?" Mo ní a máa sọ, ó wà nínú ìwé tó fọwọ́ sí. Ó ní kí n fi ibẹ̀ han òun. Mo fi hàn án, ó ka á jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Baba, ìtọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́, aago mélòó ni kí n ti kó o dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ júwe mi sí?

BabaLáàbù · Tọ́sìdeè, 6:41 ìrọ̀lẹ́

Kó tó di aago kan, Dókítà. Ẹ fi sínú kúlà pẹ̀lú ice pack, ẹ má jẹ́ kí yìnyín kan ike náà fúnra ẹ̀. Tí gòsílóò bá mú yín lójú ọ̀nà ẹ pè wọ́n, wọ́n máa dúró dè yín.